Elétí-Ajá àti Ọ̀pá Irin Tó Ṣẹ́

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2019, ọ̀pá irin tó ń yí ayùn ńlá ní ilé ìlagi kan ṣẹ́ sí méjì lẹ́nu iṣẹ́, ayùn náà sì já lu ọkùnrin tó ń ti igi sí i lẹ́nu. Dókítà gé apá òsì ọkùnrin náà láti ìgúnpá. Ìwé ọsibítù sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbé e lọ sọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà láàyè tó ń fi ọwọ́ ẹyọ kan de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Nípa ìyókù ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ẹnu pọ̀ níbẹ̀ ju òótọ́ lọ.

Àwọn kan ní igi tó tì wọ ẹ̀rọ ló tutù jù. Àwọn kan ní ó fi agídí tì í, bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ wọlé. Ẹnìkan tí kò sí nítòsí rárá búra pé òun rí i tó ń sùn lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ta ló fá ọ̀pá irin náà, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé Elétí-Ajá ni. Ta ló fẹ́ fẹ̀sùn kan Elétí-Ajá nídìí irin?

Elétí-Ajá kò tíì pé ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nídìí léètì, ẹ̀rọ tó máa ń yí irin yíká kí ọ̀bẹ lè fá a. Bàbá ọ̀gá tó wà ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà gùn tooro, páànù ni wọ́n fi bò ó lókè, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú fún òróró, ìfá irin sì wà káàkiri ibẹ̀ tó ká rọ́bọ́tọ́ bí irun orí ọmọ tuntun. Lẹ́bàá fèrèsé ni léètì tirẹ̀ wà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun ún, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ti bó ní ojú ibi kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ibẹ̀ ló máa ń fi itan òsì tì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń ba oníléètì lẹ́rù kì í ṣe iná, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Gbígbọ̀n ni. Bí ọ̀bẹ bá ń fá irin, irin náà ń tì í padà. Ọ̀bẹ á gbọ̀n díẹ̀, ibi tó ti gbọ̀n á sì fi ìgbì kékeré sílẹ̀ lára irin. Bí irin bá yí po tó tún dé ibẹ̀, ọ̀bẹ á pàdé ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀, á fò ju ti àkọ́kọ́ lọ, á sì fi èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ de ara rẹ̀. Bí ìjà tọkọtaya ni: ohun tí wọ́n sọ lánàá ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí lónìí. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ti ń hó yeeyee, ara irin ti rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nínú kí ènìyàn mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó yára dín eré ẹ̀rọ kù, tàbí kó fi kún un, tàbí kó ti ọrùn ọ̀bẹ wọlé kó má yọ síta jù.

Ọkùnrin yìí máa ń mọ̀. Ohun tó sọ ọ́ ní Elétí-Ajá nìyẹn. Ẹ̀rọ á ṣì ń dún bí ẹni tó ń kùn, kò ní tíì sí ohun tí ẹlòmíràn gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti lọ síbi tí wọ́n ti ń yí eré padà. Ajórin, tó ń jó irin mọ́ irin ní òdìkejì ilé iṣẹ́ náà, tó sì ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Irin ò tíì pinnu ẹ̀ṣẹ̀ tó fẹ́ dá, ọ̀gbẹ́ni yìí á ti na án tán.”

Bóyá etí ni ó fi ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kò sẹ́ni tó wádìí. Orúkọ ti sọ pé etí ni, ó sì tán.

Ní tòótọ́, ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á dìde jókòó lórí ibùsùn, á ní ẹ̀fọn ò jẹ́ kí òun sinmi, á ní kí ó gbọ́ bó ṣe ń kùn. Òun á ní kò sí ẹ̀fọn kankan. Ó rò pé obìnrin náà ń ṣe àròyé lásán, àfi ìgbà tó rí ẹ̀fọn náà lórí apá ara rẹ̀ tó yó bámúbámú. Lẹ́yìn ẹ̀fọn, àwọn ẹyẹ orí páànù náà dákẹ́. Lẹ́yìn ẹyẹ, fóònù. Irin tó ti ń pariwo sí i létí láti kékeré ti jẹ gbogbo ohùn tó tín-ín-rín tán, ó sì ṣẹ́ àwọn tó nípọn kù sílẹ̀ fún un.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa sọ fún? Àgbà tó bá ní òun ò gbọ́ràn mọ́, ìjókòó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa fi ta á lọ́rẹ. Ó wá rí i pé bí òun bá fi itan ti ara ẹ̀rọ, gbígbọ̀n tó wúwo, èyí tó ń mi gbogbo irin, ṣì ń gba inú eegun dé ọ̀dọ̀ òun kó tó di ariwo. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ etí rẹ̀ ṣe ń jẹun lára itan rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n oríṣi kejì wà, èyí tí ọ̀bẹ ọlọ́rùn-tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá ń fi fá kọ̀rọ̀. Ìyẹn kì í mi ẹ̀rọ. Ó kàn ń han gooro bí ọmọ eku tí ilẹ̀kùn há mọ́ ni. Ìyẹn ti kúrò láyé ní tirẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò tó nǹkan.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà jọ ìyá bàbá rẹ̀ tó ti kú bí ìmumu, nítorí náà “Ìyá mi” ló ń pè é láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọwọ́. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Ìyá mi lọ kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ní kí ó ṣe ohun tuntun kan, ó sì sọ pé òun máa ṣe àpótí kékeré kan tí wọ́n á so mọ́ léètì, tí yóò máa gbọ́ gbígbọ̀n kó tó dé, tí yóò sì tan iná pupa. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé àpótí kì í dédé mọ nǹkan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ fi hàn án léraléra.

“Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nílé wa,” ló dá a lóhùn.

Bí ọmọ ṣe gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́ nìyẹn, tó gbé e lé orí àpótí onígi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó lẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́ ara léètì, ó sì fi bọ́tìnnì kan sí abẹ́ àtàǹpàkò bàbá rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí Bàbá tẹ̀ ẹ́. Bàbá ń tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fọn fèrè lẹ́nu. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn irin ń jáde bí ìlà: ìlà tó nípọn nísàlẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Nígbà tó gbé ọ̀bẹ ọlọ́rùn-tẹ́ẹ́rẹ́ láti fá kọ̀rọ̀ kan, ìlà òkè kan ta sókè pẹ́ńpẹ́, igbe kan sì ń han nínú ẹ̀rọ tí ọmọ fi sétí. Àtàǹpàkò Bàbá kò mira.

“Bàbá, ẹ ò tẹ̀ ẹ́.”

“Tẹ kí ni?”

“Nǹkan kan ń ké níbí.”

Ọkùnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó ní àkókò tó tó láti sọ òótọ́ níbẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. “Bẹ́líìtì ni,” ló sọ. “Bẹ́líìtì ẹ̀rọ yìí ti gbó, ó máa ń sunkún.”

Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́líìtì ni. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí ní ọjọ́ kejì, nígbà tí igbe náà tún ta, ó tún béèrè.

“Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé bẹ́líìtì ni? Nígbà tí ọ̀bẹ bá kan irin nìkan ló ń ké.”

Ajórin ti ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó ń gbọ́. Ìyẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ àwọn méjì nìkan ni, bóyá ìbá sọ òótọ́, bóyá kò sì ní sọ ọ́. Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ.

“Ìyá mi, ìwọ lo ni ìwé, èmi ni mo ni irin. Àbí kí n bọ́ sẹ́yìn kí o wá fá a?”

“Oníléètì tuntun!” Ajórin kígbe. “Ẹ bá mi wá epo fún un o, ó ti fẹ́ gba ọwọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí ìfá irin. “Ẹ má bínú, Bàbá. N ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀.” Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ tún fi tirẹ̀ kún un: “Iṣẹ́ tó fi bọ́ ọ dàgbà lo fẹ́ máa bá a jiyàn lé lórí? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lọ́hùn-ún nìyẹn?” Bó ṣe di pé ọmọ sọ fún àpótí rẹ̀ nìyẹn pé ohùn tó bá tín-ín-rín báyẹn, bẹ́líìtì ni, kí ó má ka irú rẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi tí etí bàbá parí sí ni ti àpótí parí sí.

Àpótí náà yege. Yunifásítì pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gá ilé iṣẹ́, tó fẹ́ràn ohun tuntun bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹja, ní kí wọ́n fi sílẹ̀ lára léètì. Àṣà kan wà ní ilé iṣẹ́ náà láti ayé bàbá rẹ̀: ọ̀pá irin kì í jáde láìjẹ́ pé ẹni méjì ti fi orí abẹ́rẹ́ wọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá yóò kọ́ nǹkan. Ọ̀gá pa àṣà náà tì. “Iná ò tàn,” ló ń sọ. “Kí lẹ tún ń họ bí ẹni tí ara ń yún?” Elétí-Ajá ìbá jà fún abẹ́rẹ́ náà. Kò jà. Bó bá jà, wọ́n á béèrè ìdí rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ ọ̀pá náà wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ilé ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti gbọ́njú, òun ló sì sọ fún Alápákó, ẹni tó ni ilé ìlagi náà, pé kò sí oníléètì bíi ọkọ ẹ̀gbọ́n òun. Elétí-Ajá fá ọ̀pá náà dáadáa títí tó fi dé kọ̀rọ̀ ibi tí ara rẹ̀ ti fún wọlé, ibi tí ayùn máa jókòó lé. Ó mú ọ̀bẹ ọlọ́rùn-tẹ́ẹ́rẹ́. Ajórin gbọ́ igbe náà dé ibi tó wà, ó tilẹ̀ fi èjìká di etí kan. Ṣùgbọ́n Elétí-Ajá fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àpótí sì wà lára ẹ̀rọ. Ta ni Ajórin? Iná pupa ò tàn. Ọ̀pá náà jáde, ó ń dán bíi dígí.

Lẹ́yìn tí ọ̀pá náà ṣẹ́, wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìlagi. Elétí-Ajá lọ síbẹ̀ bí ẹni tó kàn ń kọjá. Ó yọ abẹ́rẹ́ láti abẹ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wọ́ kọ̀rọ̀ tó ti ṣẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ ń kọ́, ó ń kọ́, ó ń kọ́, kẹrẹkẹrẹ, lórí àwọn ìlà tí ojú lásán kò lè kà. Láti inú ọ̀kan nínú wọn ni irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í la. Ó fi abẹ́rẹ́ náà padà sí ibi tó ti yọ ọ́.

Ní ọsibítù, àna rẹ̀ tí wọ́n gé lápá rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí i. “Bùrọ̀dá, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n ní èmi ni mo ti igi jù? Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìgbín!”

“Mo mọ̀ ọ́,” ni Elétí-Ajá wí.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ò jẹun. Alápákó ti ránṣẹ́ pé ní ọjọ́ Ẹtì òun ń bọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ọ̀gá láti gbọ́ ẹ̀rí àpótí. Bí àpótí bá ní ọ̀pá náà dára, a jẹ́ pé ẹni tó ti igi ló jẹ̀bi, òun á sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

“Wọ́n ti gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n tún fẹ́ gba orúkọ rẹ̀,” obìnrin náà sọ. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ fá ọ̀pá yẹn. Ǹjẹ́ nǹkan kan ṣe é?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é.”

“Ẹ wò mí lójú kí ẹ sọ ọ́.”

Ó wò ó lójú, ó sì tún un sọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn dúró yí léètì ká. Alápákó wọ bàtà tó mọ́ jù fún ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí àgùfọn. Ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀: gbogbo àkókò tí wọ́n fi fá ọ̀pá náà, àpótí ò rí gbígbọ̀n kankan. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá lẹ́bi, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kà á dópin nítorí ohun tó gbà gbọ́ pé òótọ́ ni.

“Ó parí,” Alápákó wí. “Kó máa lọ sílé.”

“Kò tíì parí,” Elétí-Ajá sọ. “Ọ̀pá yẹn gbọ̀n. Èmi ni n ò gbọ́. N kì í gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́.”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ẹnìkan ti pàdánù apá. “Bàbá, ó ti yé wa. Àna ẹni ni àna ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ wá irọ́ tó jọ òótọ́ díẹ̀.”

“Elétí-Ajá ya adití!” Ajórin wí. “Ìwọ tí o gbọ́ nígbà tí mo ń bú ọ nínú ikùn mi?”

Alápákó mi orí. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá lè bo àna rẹ̀ láṣìírí, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ọmọdé. Ọkùnrin náà wò wọ́n kárí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi kọ́ orúkọ náà, ó kọ́ ọ nípọn débi pé òun fúnra rẹ̀ ò lè wó o mọ́.

Ó di irin kan mọ́ ẹ̀rọ. Ó mú ọ̀bẹ ọlọ́rùn-tẹ́ẹ́rẹ́, ó fa ọrùn rẹ̀ síta gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tan ẹ̀rọ. Ó fi itan tì í. Ó ti ọ̀bẹ wọ kọ̀rọ̀. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ohun gbogbo ń lọ geerege bí òróró. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí wọn. Alápákó ti ká ojú jọ bí ẹni tó gé ọsàn kíkan jẹ. Ọ̀gá ti ki ìka bọ etí méjèèjì. Ajórin ti fi fìlà bo etí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń pariwo ohun kan tí kò dé ibì kankan.

“Ṣé ó ti ń ké?” Elétí-Ajá béèrè, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára irin.

Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò di etí. Iná pupa ló ń wò. Iná náà ò tàn. Ó wò ó títí bàbá rẹ̀ fi pa ẹ̀rọ.

Alápákó gbọn ìfá irin kúrò ní bàtà. Ó ní òun ò ní lé ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì ní ọ̀pá mìíràn tí òun bá fẹ́ ṣe, ibòmíràn ni òun máa gbé e lọ. Ọ̀gá tú àpótí kúrò lára léètì láìwo ẹnikẹ́ni lójú, ó ní ọ̀rọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ilé yẹn. Ajórin ń wá ìbòjú rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rìn yí ẹ̀rọ po, ó wá dúró ní iwájú bàbá rẹ̀ gan-an, ibi tó ti lè rí ẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó nípọn.

“Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn, Bàbá. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ yín.”